Sọ Fún Wọn Kí O Tó Gbé Omi Kọ́

Lokogoma, Àbújá.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Ìbùkún ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ kú ilé tuntun, mo sì kí ọ kú iṣẹ́ tuntun. Ṣé yàrá tí o gbà ní Durumi yẹn ti ní omi báyìí, àbí ẹ ṣì ń pọn omi lọ́dọ̀ aládùúgbò? Mo mọ̀ pé wàá máa wò ó pé kí ló dé tí Mọ́mì fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà, tí Durumi kò sì jìnnà sí Lokogoma. Tí mo bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ máa ń já mọ́ mi lẹ́nu. Tó bá jẹ́ orí ìwé ni, mo lè padà sókè lọ wo ibi tí mo bá a dé. Mo sì mọ̀ pé o máa ń ka Yorùbá bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ṣà á díẹ̀díẹ̀, kò sí ẹni tó ń lé ọ.

Ọ̀rọ̀ tí o bi mí lọ́jọ́ Àìkú ni mo fẹ́ dáhùn. O ní, "Mọ́mì, wọ́n ti gbé mi sí wọ́ọ̀dù àwọn oníjẹjẹrẹ o. Matron ní ká má máa sọ ọ̀rọ̀ memory, pé oògùn lè mú kí wọ́n máa gbàgbé nǹkan, fún àwọn patient kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ kímò, pé ẹ̀rù tó wà lára wọn ti tó. Obìnrin kan, tíṣà ni, Wednesday ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa gba àkọ́kọ́. Ṣé kí n sọ fún un ni, àbí kí n dákẹ́?"

Mo ní kí o jẹ́ kí n rò ó. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Mo ti mọ èsì rẹ̀ kí o tó sọ̀rọ̀ tán. Ẹnu mi ni kò gbé e, nítorí tí mo bá dá ọ lóhùn, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan tí mo ti fi pamọ́ fún ọ láti ọdún márùn-ún. Èsì mi rèé: sọ fún un. Sọ fún un kí o tó gbé omi oògùn yẹn kọ́. Ẹni tí wọn kò bá sọ fún lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò nídìí ìwòsàn. Díẹ̀ báyìí ló kù kí èmi ìyá rẹ rìn kúrò.

O mọ orúkọ tí wọ́n ń pè mí ní iléeṣẹ́ ìjọba níbi tí mo ti ṣiṣẹ́. Madam Computer. Yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí, èyí tí à ń pè ní rẹ́jísírì, ni mo ti lo ìgbà mi, láti Èkó títí ìjọba fi kó wa wá sí Àbújá. Ọ̀gá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Madam, fáìlì àwọn awakọ̀ tó ń bínú yẹn dà?" Mi ò ní wo ìwé kankan. Màá sọ nọ́ńbà rẹ̀, màá sọ pẹpẹ tó wà, màá sì sọ ẹni tó mú un kẹ́yìn. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn kọjá bó ṣe yẹ. Kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń wá ọ̀nà tí màá fi dá a sínú ọ̀rọ̀.

Kí n tó sọ tèmi, jẹ́ kí n sọ ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe mi kan fún ọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ní Èkó, obìnrin àgbà kan wà ní rẹ́jísírì wa tó lọ gba ìtọ́jú àìsàn kan, tó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó máa ń béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Àwa ọmọge bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyá Tún-un-sọ. Èmi gan-an ni mo fún un lórúkọ yẹn, a sì rẹ́rìn-ín títí. Mi ò mọ irú àìsàn tó ṣe é, mi ò sì mọ oògùn tó lò. Ṣùgbọ́n mo rántí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ tó gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu wa. Kò bá wa jà. Ó kàn mú gèlè rẹ̀, ó lọ jókòó síta. Nítorí náà, ọmọ mi, má fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà ní wọ́ọ̀dù yẹn, kódà bí gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì yòókù bá ń rẹ́rìn-ín. Ojú obìnrin yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Ó dáa, tèmi wá kàn. Nígbà tí wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ọmú mi, wọ́n ní omi kímò mẹ́fà ni màá gbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ara wọn. Wọ́n sọ fún mi pé irun orí mi á re, pé màá máa bì, pé oúnjẹ á máa korò lẹ́nu mi. Gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Nítorí pé wọ́n ti sọ ọ́, mo ra wíìgì sílẹ̀, mo ra ọsàn sílẹ̀, mo sì fara dà á. Kò sí ẹni tó sọ ti ìgbàgbé fún mi.

Lẹ́yìn omi kejì ló bẹ̀rẹ̀. Mo fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo na ọwọ́ sí ọ, mo ní kí o bá mi gbé nǹkan tí wọ́n fi ń bu ọbẹ̀ yẹn wá, nítorí pé "ṣíbí" sá lọ mọ́ mi lọ́wọ́. O rẹ́rìn-ín, o gbé e fún mi. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì yí ojú sí ìkòkò.

Lẹ́yìn náà ló dé iléeṣẹ́. Ní rẹ́jísírì, tí fáìlì kan bá kún, a ó fi okùn dì í, a ó kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ pé ó ti parí, a ó sì ṣí apá tuntun fún un. Mo ṣí apá kẹrin fáìlì kan lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo tún ṣí apá kẹrin fáìlì kan náà. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ wa kò lè mọ bí ìyẹn ti burú tó. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í pín sọ́nà méjì. Ọ̀gá àgbà gbé ìdajì ọ̀rọ̀ lọ sí ìpàdé, ìdajì kejì jókòó sórí pẹpẹ mi.

Ọ̀gbẹ́ni Báwà, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi, ló ṣàwárí ẹ̀. Kò pariwo. Ó tú okùn méjèèjì, ó to àwọn lẹ́tà náà bó ṣe yẹ, ó dì wọ́n pọ̀, ó sì gbé e síwájú mi. "Sannu, Madam," ló wí. "Ba komai, no wahala. Na the medicine, abi?"

Mo lejú mọ́ ọn. "Which medicine?"

Kò bi mí mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, gbogbo fáìlì tí mo bá ṣí ló máa ń yẹ̀ wò kí ó tó jáde nínú yàrá wa. Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi ṣe é, kò sọ ọ́ lójú mi, kò sì sọ ọ́ lẹ́yìn mi. Mo ń gbàdúrà fún ọkùnrin náà títí di òní yìí.

Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ fún dókítà kan lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, "Dókítà, ó dà bíi pé mò ń gbàgbé nǹkan." Ó ń kọ̀wé lọ, kò gbójú sókè. Ó ní, "Mama, age is coming. Gbogbo wa la máa ń gbàgbé." Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo pa ẹnu mi dé. Ìbùkún, mo bẹ̀ ọ́, ẹ̀rín yẹn kò gbọdọ̀ wà lẹ́nu rẹ láéláé. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ọ ti kó ìgboyà jọ fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó sọ ọ́. Gbé báírò rẹ sílẹ̀, kí o ní, "Ẹ sọ ọ́ fún mi dáadáa, mà."

Nígbà tí omi kẹrin ku ọ̀sẹ̀ kan, mo lọ sí garéèjì Jabi kí n wọ ọkọ̀ lọ kí ìyá mi. Awakọ̀ kan ní, "Mummy, where you dey go?" Mo ya ẹnu, orúkọ ìlú mi kò wá. Ìlú tí wọ́n ti bí mi, tí wọ́n sin bàbá mi sí. Mo rí ilé wa lọ́kàn mi, mo rí àwọ̀ ilẹ̀kùn wa, mo rí igi máńgòrò tó wà níwájú ìta. Orúkọ ìlú ni kò wá. Mo ní mò ń retí ẹnì kan, mo sì jókòó sórí báàgì mi. Ọkọ̀ mẹ́ta kún níṣojú mi, wọ́n lọ. Ìgbà tí agbèrò kan figbe ta pé "Ògbómọ̀ṣọ́!" ni mo tó rántí. Mo sunkún níbẹ̀ lójú gbogbo ayé, mo sì padà sílé.

Lójú tèmi, ó ti parí. Mo gbà pé jẹjẹrẹ náà ti gòkè wọ ọpọlọ mi. Mo pinnu pé mi ò ní gba omi kẹrin. Kí ni mo tún ń jìyà fún? Mi ò sọ fún ọ, mi ò sọ fún pásítọ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn aṣọ tí màá fún àbúrò mi sọ́tọ̀. O bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, o ní, "Mọ́mì, ẹ ń tún wọ́dúróòbù ṣe?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun tó gbé mi dé ọsibítù lọ́jọ́ omi kẹrin kì í ṣe omi. Mo fẹ́ gba káàdì mi àti gbogbo ìwé àyẹ̀wò mi ni. Ará rẹ́jísírì kì í fi ìwé ara rẹ̀ sílẹ̀ sọ́wọ́ ẹlòmíì, ì báà jẹ́ pé ó fẹ́ lọ kú. Ibẹ̀ ni mo ti bá Àlàájà Ràfíà.

O mọ̀ ọ́n nísinsìnyí, ṣùgbọ́n nígbà náà, ẹni tí àga wa jọ ń sún mọ́ra lásán ni. Ọmọ Ìlọrin ni, ó ń ta àǹkárá lọ́jà Wuse, omi sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ń sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni tó wà ní ìsọ̀ rẹ̀.

"Ẹ wá gbọ́ tèmi o! Oníbàárà ra ọ̀pá mẹ́fà lọ́wọ́ mi. Mo gé e, mo ká a dáadáa. Mo wá gbé kúlà oúnjẹ mi sínú ọ̀rá, mo fà á lé e lọ́wọ́, mo ní ẹ kú ọjà. Nígbà tí ebi pa mí, mo ṣí àpò oúnjẹ, àǹkárá ni mo bá níbẹ̀! Obìnrin yẹn délé, ó bá ìrẹsì àti dòdò!"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Àlàájà náà rẹ́rìn-ín, ó wá yí sí nọ́ọ̀sì. "Nọ́ọ̀sì, má parọ́ fún mi. Ṣé oògùn yín yìí ni, àbí orí mi ló ti dàrú?"

Nọ́ọ̀sì náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga, ó jókòó sáàárín wa, kò fi ìkánjú sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àlàájà, oògùn lè fà á. Ó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gba kímò. Ẹ lè máa gbàgbé nǹkan, ọ̀rọ̀ lè máa sá mọ́ yín lẹ́nu, ó lè ṣòro láti ṣe nǹkan méjì pọ̀. Àìróorunsùn, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ìrònú náà máa ń dá kún un. Orí yín kò dàrú, kò sì túmọ̀ sí pé àìsàn yín ti dé ọpọlọ. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ó máa ń dínkù tí ìtọ́jú bá parí, àmọ́ ó máa ń pẹ́ lára àwọn míì. Ẹ ṣáà máa sọ ọ́ fún wa, ká lè yẹ̀ yín wò. Ẹ má ṣe máa dá a rò."

Mo bú sẹ́kún. Àlàájà fi ọwọ́ tí omi kò sí dì mí mú. Ó ní, "Ìyá Ìbùkún, ẹ̀yin náà?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ sì ti jókòó tì mí láti ọjọ́ yìí, ẹ ò sọ! Ẹ jẹ́ ká jọ máa gbàgbé o, jàre."

Wọ́n pe dókítà míì. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní kí wọ́n ya àwòrán orí mi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo gba omi kẹrin, mo gba karùn-ún, mo gba kẹfà. Ká ní Àlàájà fi ìtìjú pa ẹnu mọ́ lọ́jọ́ yẹn, Ìbùkún, ìwọ ì bá ti máa ṣe ìrántí mi lọ́dọọdún ni.

Mo bọ̀wọ̀ fún obìnrin náà ju gbogbo ọ̀gá tí mo ti ṣiṣẹ́ fún lọ. Èmi tí mo kàwé fi ohun tó ń ṣe mí pamọ́ nítorí orúkọ Madam Computer. Òun sọ tirẹ̀ fún gbogbo ọjà. Tó bá ń wọn aṣọ, á ní kí oníbàárà máa bá òun kà á sókè: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. "Oògùn ń dààmú orí mi, ẹ bá mi kà á o." Wọ́n á kà á, ìsọ̀ rẹ̀ á máa dún bíi kíláàsì àwọn ọmọ kékeré, kò sì pàdánù oníbàárà kan tí mo mọ̀.

Wàyí o, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe.

Èkíní, ọ̀rọ̀ Mátírọ́ọ̀nù yín. Kì í ṣe ọ̀tá. Ó ti rí ẹkún púpọ̀ ju tìrẹ lọ, àánú ló sì mú kó sọ bẹ́ẹ̀. Má bá a jà, má sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe é. Lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kúnlẹ̀ kí i dáadáa, kí o sọ fún un pé ìyá rẹ fẹ́ sá fún omi kẹrin nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Dárúkọ mi. Sọ ti fáìlì, sọ ti garéèjì Jabi. Mo yọ̀ǹda gbogbo rẹ̀ fún ọ. Tó bá fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, màá wọ tasí wá. Lẹ́yìn náà, kí tíṣà yẹn gbọ́ ọ kí ó tó di Ọjọ́rú, kí ó sì gbọ́ ọ ní ìjókòó, láìsí gírámà.

Èkejì, fún un ní jọ́tà kan. Èmi ṣí fáìlì fún orí ara mi, o ò mọ̀ rí! Mo fún un ní nọ́ńbà, mo ń kọ ohun tí mo gbàgbé, ọjọ́ tí mo gbàgbé ẹ̀ àti bí mo ṣe sùn lóru tó ṣáájú. Nígbà tí mo gbé e fún dókítà, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní òun kò rí aláìsàn tó ṣe irú rẹ̀ rí. Mo gbéra ga díẹ̀, kí n má purọ́.

Ẹ̀kẹta, àbí ẹ̀kẹrin, má jẹ́ kí wọ́n gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ aláìsàn. Jẹ́ kó se ọbẹ̀, kí iyọ̀ pọ̀ jù níbẹ̀. Jẹ́ kó wá ọ̀rọ̀ tó sá lọ fúnra rẹ̀ kí o tó sọ ọ́ fún un. Ìwọ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, o ti ń ṣe é fún mi kí wọ́n tó kọ́ ọ níléèwé kankan. Tí mo bá dúró láàárín ọ̀rọ̀, o máa ń dúró dè mí, o kì í yọjú wo aago. Ibi tó yẹ ọ́ gan-an ni wọ́n gbé ọ sí, kí Olúwa fi ọwọ́ rẹ tu ọ̀pọ̀ èèyàn lára.

Èyí tó kù ni mo ti ń sá fún láti òkè. Má sọ fún aláìsàn nìkan. Pe ẹni tó ń bá a gbélé, ọkọ ni o, ọmọ ni o, kí wọ́n jọ gbọ́ ọ. Ẹni tó bá gbàgbé lè má mọ̀ pé òun gbàgbé. Ó máa ń dá a lójú gan-an ni. Ẹni tó wà nítòsí ló sì máa ń jẹ̀bi.

O rántí ọjọ́ tí wọ́n dé fìlà nọ́ọ̀sì fún yín níléèwé, tí òbí kọ̀ọ̀kan ń dúró sẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí mo gba omi karùn-ún. O wọlé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú fìlà lórí. Mo ní, "Fìlà ti ibo nìyẹn?" O ní, "Mọ́mì, òní ni capping. Mo wojú ọ̀nà títí. Mọ́mì Blessing ọ̀rẹ́ mi ló dúró fún mi." Mo ní o ò sọ fún mi. O ní o sọ. Mo gbaná jẹ. Mo ní orí mi tó pá lò ń tijú, pé o ò fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ rí ìyá tí jẹjẹrẹ ń ṣe. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. O wò mí, o kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì kíṣìnnì pẹ̀lú aṣọ funfun yẹn, o ní, "Ẹ má bínú, mà. Maybe I forgot to tell you."

Mo ti mọ̀ nígbà náà o. Nọ́ọ̀sì ti ṣàlàyé oògùn fún mi ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ìwọ ni mi ò sọ fún. Láti ọjọ́ náà lo ti ń sọ nǹkan fún mi lẹ́ẹ̀mejì, ohùn rẹ kì í sì í le ní ìgbà kejì.

Nígbà tí oṣù yẹn parí, mo fẹ́ ya ewé kàlẹ́ńdà ìjọ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì. Mo rí ọjọ́ kan tí wọ́n fi báírò pupa yí ká. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Fìlà Ìbùkún, aago mẹ́wàá. Gbé kámẹ́rà." Ìkọ̀wé mi ni. Mo ya ewé náà, mo ká a sínú Bíbélì mi, mi ò sì sọ̀rọ̀, nítorí pé ojú tì mí láti kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo bí.

Ewé náà ló wà nínú àpòòwé yìí. Wò ó dáadáa. O sọ fún mi, Àbẹ̀kẹ́ mi. O sọ fún mi, mo gbọ́, inú mi dùn débi pé mo fi báírò pupa kọ ọ́, mo sì gbàgbé. Ìwọ kọ́ lo jẹ̀bi. Dárí jì mí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.